Adánìkanṣe, Àáró tàbí Studio: Èwo Ló Yẹ Oníkàtúùnù Tó Wà ní Àkúrẹ́?

Ìbéèrè kan náà ni àwọn àbúrò tó ń ṣe kàtúùnù ní Àkúrẹ́ máa ń gbé wá bá mi: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n gba ṣọ́ọ̀bù ní Alágbàkà, kí n kọ 'Studio' gàdàgbà síwájú rẹ̀, àbí kí n ṣì máa ṣe é nínú yàrá mi?" Ìbéèrè ni èmi náà fi ń dá wọn lóhùn: ta ni yóò san owó oṣù kẹta? Ti oṣù kìíní rọrùn, owó iṣẹ́ tó jẹ́ kí ẹ rò pé ẹ ti tó ọ̀gá ni ẹ ó fi san án. Ti oṣù kejì, màmá yín tàbí ọ̀rẹ́ kan yóò yá yín. Tó bá di oṣù kẹta, òṣìṣẹ́ yóò máa wo ojú yín, ẹ̀yin náà yóò máa wo fóònù.

Ọ̀nà tó wà nílẹ̀ kì í sì í ṣe méjì péré. Adánìkanṣe wà: ẹnìkan, kọ̀ǹpútà kan, yàrá kan. Studio olówó oṣù wà: ẹ̀yin ni ọ̀gá, àwọn kan ń jí wá síbi iṣẹ́ yín láràárọ̀, ìparí oṣù sì ń bọ̀ bí iṣẹ́ wà bí kò sí. Àárín méjèèjì ni èyí tí mo ń pè ní àáró wà. Ẹni tí bàbá rẹ̀ dá oko kòkó ní ìhà Ìdànrè tàbí Oǹdó mọ bó ṣe ń lọ: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, kò sẹ́ni tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnìkejì. Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹni mẹ́ta mẹ́rin tó dá dúró ni yóò máa pe ara wọn síṣẹ́. Ẹni tó rí oníbàárà ni olórí iṣẹ́ yẹn, yóò pín owó bí iṣẹ́ bá ṣe pọ̀ tó lọ́wọ́ kálukú, bí wọ́n bá sì ti parí, oníkálukú a padà sáyè rẹ̀.

Kí n tó fi wọ́n wéra, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo fì sí, kí ẹ má bàa rò pé mò ń ṣe adájọ́ tí kò mọ ẹnìkan. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn níbí, àáró ló dáa jù. Studio ni wọ́n ń kánjú sí jù.

| | Adánìkanṣe | Àáró | Studio olówó oṣù |
|---|---|---|---|
| Owó tó ń jáde nígbà tí iṣẹ́ kò sí | Dátà, iná, oúnjẹ yín | Bákan náà | Owó oṣù, ṣọ́ọ̀bù, iná, dátà gbogbo ilé |
| Ohun tó ń jẹ ọjọ́ yín | Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ | Iṣẹ́, àti fóònù sí àwọn tó kù | Wíwá iṣẹ́, bíbéèrè owó, yíyẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò |
| Bí ara yín kò bá yá | Gbogbo ẹ̀ dúró | Ẹlòmíràn lè gbà á ṣe, bí fáìlì bá wà létòlétò | Iṣẹ́ ń lọ, owó oṣù náà ń lọ |
| Iṣẹ́ tó tóbi jù tí ẹ lè gbà | Ìṣẹ́jú kan sí méjì | Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bí àkókò bá wà | Eré alápá púpọ̀ |

Ẹ ka àwòrán kí ẹ tó ka owó

Ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú kàtúùnù jẹ́ férémù 24, ìyẹn àyè àwòrán 24 tó ń tẹ̀ léra lójú. Àwọn tó ń fọwọ́ yà á sábà máa ń fi àwòrán kan bo férémù méjì, ìyẹn àwòrán 12 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìṣẹ́jú kan gbáko wá di àwòrán 720. Ká ní ọwọ́ yín yá tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ń parí 20 lójúmọ́ pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀, ọjọ́ 36 ni ẹ ó fi jókòó ti ìṣẹ́jú kan. Ìtàn kíkọ kò sí nínú rẹ̀ o, ohùn gbígbà kò sí nínú rẹ̀, orin náà kò sí. Pásítọ̀ tó ní "ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni, fún àwọn ọmọ Sunday School," kò mọ̀ pé ó kéré tán oṣù mẹ́fà nínú ayé yín ni òun ń tọrọ.

Nítorí náà ni adánìkanṣe ṣe gbọ́dọ̀ mọ irú iṣẹ́ tí ọwọ́ kan lè gbé. Ẹ lè ya ènìyàn kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ pín in sí orí, apá, itan àti ẹnu, kí ẹ wá máa mi oríkèé rẹ̀ dípò kí ẹ tún un yà. Ìyẹn máa ń gé iṣẹ́ kù gidigidi. Kò ní rí bí èyí tí wọ́n fọwọ́ yà, ṣùgbọ́n ilé ìwé aládàáni tó fẹ́ polówó ìgbaniwọlé kò ní mọ ìyàtọ̀, ọmọ ọdún márùn-ún tó ń wò ó náà kò ní mọ̀ ọ́n.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí báyìí ni ti Gints Zilbalodis, ọmọ orílẹ̀-èdè Latvia. Òun nìkan ló ṣe fíìmù *Away* tó jáde ní 2019, tòun ti orin inú rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, *Flow*, òun àti ẹgbẹ́ kékeré ló fi Blender, sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ tí a fi ń ṣe kàtúùnù 3D, ṣe é, ó sì gba Oscar ní 2025. Àwọn ènìyàn ń fi ìtàn yìí kín ara wọn lẹ́yìn pé kí wọ́n tètè kó òṣìṣẹ́ jọ. Ohun méjì ni èmi rí níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ nínú fíìmù méjèèjì. Nígbà tó ń dá ṣe é, ó ti yọ ohun tó ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀ kúrò: kò sí ẹnu tí yóò bá ọ̀rọ̀ lọ, kò sí ẹni tí yóò wá sọ ohùn. Ìkejì, Latvia, Faransé àti Belgium ló pawọ́ pọ̀ lórí *Flow*, owó rẹ̀ sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ yúrò. Owó ló kọ́kọ́ dé kí ẹgbẹ́ tó dé. Níbí, a máa ń kó ẹgbẹ́ jọ tán kí a tó máa gbàdúrà owó.

Àwọn ará ilé náà wà tí a lè wò. Ilé iṣẹ́ Kugali, tí ọmọ Nàìjíríà méjì àti ọmọ Ùgáńdà kan dá sílẹ̀, ló bá Disney ṣe *Iwájú*, eré kàtúùnù alápá púpọ̀ tó jáde ní 2024. Ìtàn àti ojú ìlú Èkó inú rẹ̀ jẹ́ ti Kugali, ṣùgbọ́n Cinesite, ilé iṣẹ́ ńlá kan lókè òkun, ni wọ́n gbé mímú àwòrán rìn fún. Ẹni tó bá fẹ́ dá studio sílẹ̀ kó ro ìyẹn dáadáa. Bí ilé iṣẹ́ bá ṣe ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni olùdásílẹ̀ ń jìnnà sí pẹ́ẹ́nì. Bí ó bá jẹ́ pé yíyà gan-an ni ẹ fẹ́ràn, tí inú yín kì í dùn àfi bí ẹ bá jókòó ti férémù, studio yóò gba ohun náà gan-an lọ́wọ́ yín, yóò sì fi ìpàdé rọ́pò rẹ̀.

Owó oṣù

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó pẹ̀lú owó àfẹnusọ. Ká ní ẹ gba òṣìṣẹ́ méjì, ẹ ń san 150,000 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. (Ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó fi owó oṣù tó kéré jù sí 73,000 náírà ní 2024. Ẹni tó mọ Blender dójú àmì kò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ yín. Bí ó bá gbà á, ẹ mọ̀ pé ojú rẹ̀ wà ní Èkó.) Ẹ fi 100,000 kún un fún ṣọ́ọ̀bù, epo àti dátà. Ó di 400,000 lóṣù, 4,800,000 lọ́dún, ẹ̀yin fúnra yín kò tíì jẹun.

Ká tún ní ìṣẹ́jú kan ń mú 400,000 wọlé. Bí àwọn méjèèjì bá ń fọwọ́ yà á, ọjọ́ 36 tí a kà lẹ́ẹ̀kan di 18. Oṣù kan ní nǹkan bí ọjọ́ iṣẹ́ 22. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù fún àtúnṣe, fún àìsàn, fún ọjọ́ tí iná kò bá wá, àti fún oníbàárà tó ní kí wọ́n yí àwọ̀ aṣọ màmá inú rẹ̀ padà látòkèdélẹ̀. Gbogbo rẹ̀ sì dúró lórí pé ẹ rí ìṣẹ́jú kan tà lóṣooṣù, láìfo oṣù kan.

Adánìkanṣe kò ní wàhálà yẹn. Oṣù tí kò bá síṣẹ́, á fi ṣe fídíò tirẹ̀ tàbí kó lọ sùn. Ohun tó máa ń pa á ni iṣẹ́ ńlá tó bá dé lójijì tí apá rẹ̀ kò ká. Bí ó bá gbà á, ó lè jáwọ́ níbi tó fẹ́ parí sí. Bí ó bá kọ̀ ọ́, oníbàárà náà kò ní padà wá. Ibẹ̀ ni àáró ti wúlò jù. Iṣẹ́ dé, ẹ pe ẹni tó mọ ẹ̀yìn ilé yà, ẹ pe ẹni tó mọ bí ẹnu ṣe ń bá ohùn lọ, kálukú gba tirẹ̀ nígbà tí owó bá wọlé.

Ọmọ iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn òbí ń mú ọmọ wá pé kí a kọ́ ọ, ọ̀pọ̀ ọ̀gá sì ti fojú wọn ṣe òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́. Wọ́n dára fún kíkùn àwọ̀ àti títún ìlà ṣe. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ọwọ́ wọn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gún ni wọ́n máa ń gba fríídọ̀mù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ọmọ iṣẹ́ ṣèlérí ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí fún oníbàárà.

Iná, kí a sọ òótọ́

Kàtúùnù 3D ni ọ̀rọ̀ iná máa ń le fún jù. Ìṣẹ́jú kan jẹ́ férémù 1,440, kọ̀ǹpútà sì gbọ́dọ̀ se ìkọ̀ọ̀kan jáde di àwòrán tó parí (ohun tí wọ́n ń pè ní render). Bí férémù kan bá gba ìṣẹ́jú méjì, wákàtí 48 nìyẹn láìdáwọ́ dúró. Bí ó bá gba ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, wákàtí mẹ́rin ni. Nínú Blender kan náà, ọ̀nà ìse férémù ju ẹyọ kan lọ: Cycles ló ń pẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì dà bí ti ojú ayé. Eevee ló ń yára. Eevee ni wọ́n lò fún *Flow* tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ìṣẹ́ ni.

Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ jẹ́ kó máa jáde ní àwòrán kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ní fídíò. Bí NEPA bá mú iná lọ ní férémù 900, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ láti 901. Bí ó bá jẹ́ fídíò ni ẹ ní kó ṣe, fáìlì náà lè bàjẹ́ pátápátá, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo. SheepIt tún wà, níbi tí àwọn tó ń lo Blender ti ń bá ara wọn se férémù lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ yá àwọn yòókù ní kọ̀ǹpútà yín nígbà tí ẹ kò bá lò ó, ẹ gba àmì, ẹ fi àmì náà se tiyín. Ó ń jẹ dátà ṣá.

Ibi tí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti yàtọ̀ nìyí. Adánìkanṣe lè fi sólà kékeré àti láàpútọ́ọ̀pù kan yí i. Nínú àáró, kálukú ló ń gbọ́ tiná ara rẹ̀, ibi tí iná bá sì wà lọ́jọ́ náà ni kí ẹ gbé férémù sí: ó lè jẹ́ pé Ìjàpọ̀ ṣókùnkùn, kí iná wà ní Ọbà-Ilé. Studio ni ó ń ru iná gbogbo ènìyàn lórí níbì kan ṣoṣo. Bí ẹ bá fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù, ẹ béèrè Band tí ẹ̀ka iná ibẹ̀ wà. Àwọn tó wà ní Band A ló yẹ kó máa rí ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, àwọn náà ni owó wọn fò sókè ní oṣù kẹrin 2024. Ẹ má bi lánlọ́ọ̀dù léèrè o. Ẹ bi aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ta ló ń rà á?

Ní Àkúrẹ́, àwọn tó ń pè wá jù ni ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé aládàáni, àwọn tó ń ta ilẹ̀, àwọn olóṣèlú bí ìbò bá ń bọ̀, àti àwọn ẹ̀ka ìjọba ní Alágbàkà. Ti ìjọba lówó nínú, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ bá ẹnìkan ṣoṣo tó wà nínú yàrá sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, tó sì ní àkáǹtì tirẹ̀, ni wọ́n ń wò. Wọ́n sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó sanwó, studio olówó oṣù sì ni ìpẹ́ yẹn máa ń pa. Ti olóṣèlú, ẹ gba gbogbo owó kí ẹ tó ya ìlà kan, nítorí kò sí ẹni tó ń rántí oníkàtúùnù lọ́jọ́ kejì ìbò, bí wọ́n wọlé bí wọ́n jáàbọ̀. Ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àdúrà dára, kì í ra bátìrì sólà.

Ọjà òde ni adánìkanṣe ti máa ń rí owó tó dúró. Fiverr, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn oníbàárà òkèèrè ti ń wá oníṣẹ́, ń yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ẹ bá gbà, nítorí náà kí ó ti wà nínú iye tí ẹ ó pè. Àwọn studio Èkó náà máa ń gbé apá iṣẹ́ jáde fún ẹni tó wà níta, wọn kò sì bìkítà bóyá Yábàá ni ẹ wà tàbí ẹ̀yìn ọgbà FUTA, bí fáìlì bá ti dé lásìkò.

Kàtúùnù tiyín lórí YouTube ńkọ́? Ẹ gbọ́dọ̀ ní olùtẹ̀lé 1,000 àti wákàtí wíwò 4,000 láàárín oṣù 12, tàbí kí fídíò kúkúrú yín rí ìwò mílíọ̀nù mẹ́wàá láàárín ọjọ́ 90, kí ìpín owó ìpolówó tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń ya Ìjàpá fún ọmọdé kì í gbọ́ ni pé láti 2020, fídíò tí wọ́n bá sàmì sí pé ti ọmọdé ni kì í gba ìpolówó tó ń tọ ẹni tó ń wò ó lẹ́sẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Owó rẹ̀ máa ń kéré. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ fi ṣe ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ yín, ẹ má fi sínú owó oúnjẹ. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún Ìjàpá nísinmi díẹ̀. Àkúrẹ́ ní ìtàn Òkè Ìdànrè ní ẹ̀gbẹ́ ibí, àwọn ọmọ wa kò tíì rí i nínú kàtúùnù tó.)

Adánìkanṣe àti aláàáró nìkan ló sábà máa ń rí ààyè ṣe iṣẹ́ ti ara wọn. Nínú studio kékeré, oníbàárà ló ń jẹ gbogbo oṣù, iṣẹ́ tiyín á sì wà nínú fódà tí ẹ sọ ní "Tèmi" títí tí sọ́fítíwià yóò fi di àtijọ́.

Ìwé

Níbí mi ò ní pẹ́. Adánìkanṣe lè fi orúkọ òwò lásán sílẹ̀ ní CAC, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé gbèsè òwò náà gbèsè tirẹ̀ ni. Fún studio, kámúpánì oníṣéà ló yẹ, òfin ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní CAMA 2020 sì ti jẹ́ kí ẹnìkan ṣoṣo lè dá a sílẹ̀. Ìròyìn ọdọọdún wà tí ẹ ó máa fi ránṣẹ́, kò sí ti "a kò ríṣẹ́ ṣe lọ́dún yìí".

Nínú àáró ni ìwé ti ṣe pàtàkì jù, ibẹ̀ sì ni wọn kì í ti í kọ ọ́, nítorí "ọ̀rẹ́ ni wá". Nínú òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti Nàìjíríà, ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín ló kọ́kọ́ ni ohun tó yà, àyàfi bí ìwé bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹ kò sì lè gba ẹ̀tọ́ yẹn lẹ́nu lásán, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ìyẹn ni pé bí ẹni mẹ́rin bá ya ohun kan, tí oníbàárà wá fẹ́ rà á pátá, ẹnìkan nínú yín lè dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: ẹni tó ni àwòrán, ìgbà tí owó yóò pín, iye àtúnṣe tó wà nínú owó náà, ẹni tó di fáìlì mú, àti ẹ̀dà Blender tí gbogbo yín ń lò, torí fáìlì tí ẹ̀dà tuntun ṣe lè máa dá wàhálà sílẹ̀ nínú ti àtijọ́.

Sọ́fítíwià kò yẹ kó pín yín níyà. Blender, Krita àti OpenToonz kò gba kọ́bọ̀. Toon Boom Harmony tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò, owó òkèèrè ni ẹ ó máa fi san án. Ẹ rà á nígbà tí oníbàárà bá béèrè fáìlì rẹ̀, kì í ṣe kí iwájú ṣọ́ọ̀bù lè dùn ún wò.

Nígbà wo wá ni studio?

Ohun méjì ni mo máa ń wò. Ṣé oníbàárà kan wà tó ti ń san nǹkan lóṣooṣù, tí kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan? Ilé ìwé tó ń ṣe ẹ̀kọ́ lórí fídíò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ètò ọmọdé orí tẹlifíṣọ̀n náà lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé owó oṣù mẹ́ta àwọn òṣìṣẹ́ wà ní bánkì láìtíì fọwọ́ kàn án? Bí ọ̀kan bá kù, ẹ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, ẹ ṣí àkáǹtì ilé iṣẹ́, ẹ máa jẹ́ orúkọ studio lórí ìwé, kí iṣẹ́ ṣì máa lọ ní àáró. Ìjọba kò ní wá ka iye àga tó wà nínú yàrá yín.

Ẹni tó bá jẹ́ pé òun kì í lè bá ènìyàn ṣiṣẹ́, tó jẹ́ pé bí ẹlòmíràn bá fọwọ́ kan ìlà rẹ̀ inú rẹ̀ á bàjẹ́, kó dá wà láìtijú. Kó gbé owó gọbọi lé iṣẹ́ rẹ̀, kó sì máa gba iṣẹ́ díẹ̀.

Ní ti àwọn tó wà ní ìlú Oǹdó, tí wọ́n ń bèèrè bóyá kí wọ́n kó wá sí Àkúrẹ́ kí wọ́n tó lè jẹun nídìí iṣẹ́ yìí: mi ò rí ìdí rẹ̀. Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, UNIMED, wà lọ́dọ̀ yín, Adéyẹmí tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ náà wà níbẹ̀. Olùkọ́ tó fẹ́ ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí nínú ara, tàbí bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, nílò àwòrán tó ń rìn ju olóṣèlú lọ, iṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń wá ní ìṣẹ́jú méjì méjì tí ẹnìkan lè gbé. Ẹ mú fídíò ìṣẹ́jú-àáyá 30 tí ẹ ṣe lórí kókó kan tó ń kọ́, ẹ lọ fi hàn án ní ọ́fíìsì rẹ̀. Bó bá béèrè iye rẹ̀, ẹ pe owó ìṣẹ́jú kan, kì í ṣe ti odidi iṣẹ́, kí ó lè bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Àkúrẹ́ kò ju ọkọ̀ kan lọ bí ẹ bá nílò ẹni kejì.